Òwe Mẹ́rin Lórí Ajá Tó Ń Gbó Mọ́ Ajá: Ẹ̀kọ́ Ìtàn Láti Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

 Òkìtìpupa ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni mo wà. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ ajá ni mo fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ìtàn ni, ọ̀rọ̀ èdè ni, ọ̀rọ̀ ìwà ọmọ ènìyàn sì ni pẹ̀lú.

Mo ní ajá kan nílé. Akọ ni, ó pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, ìrù rẹ̀ sì ká sórí ẹ̀yìn. Ajá ìbílẹ̀ ni, kì í ṣe ajá òyìnbó. Ọmọ oṣù márùn-ún ni nígbà tí mo mú un wálé, mo sì sọ ọ́ ní Ọ̀rọ̀pọ̀níkùn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà wa mọ̀ pé orúkọ ajá kì í sábà jẹ́ orúkọ lásán láàárín wa. Odidi gbólóhùn ni, tàbí ààbọ̀ òwe. Ẹni tí inú ń bí, tí kò sì fẹ́ kojú ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, a fi ọ̀rọ̀ náà sọ ajá lórúkọ. Bó bá ti ń pe ajá náà láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹni tó ń bá wí ń gbọ́, kò sì ní ẹnu láti fi bínú, nítorí ajá ni wọ́n pè.

Ó ṣe ni láàánú pé Ọ̀rọ̀pọ̀níkùn tèmi kò fi ọ̀rọ̀ kankan pamọ́ síkùn. Ènìyàn lè wọlé kó jáde, kò ní wí nǹkan kan. Ewúrẹ́ lè jẹko dé ẹnu ọ̀nà, kò ní gbórí sókè. Ṣùgbọ́n kí ajá mìíràn ṣáà yọ lókèèrè, ariwo dé. Yóò gbó, yóò fò, yóò fẹ́ já ṣéènì ọrùn rẹ̀. Aládùúgbò mi kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi ní abo ajá. Ní agogo mẹ́fà àárọ̀ ni ó máa ń mú un kọjá. Ajá mi á bẹ̀rẹ̀, èmi náà á sáré jáde, n ó máa pariwo pé, “Ọ̀rọ̀pọ̀níkùn! Ọ̀rọ̀pọ̀níkùn!” N kò mọ̀ pé bàbá náà, tí a jọ ti ní gbólóhùn asọ̀ díẹ̀ lórí ojú àgbàrá, ti gbà pé òun ni mo ń bá wí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ṣéènì já. Àwọn ajá méjèèjì wọ ìyá ìjà. Ọmọbìnrin bàbá náà, tí kò ju ọdún mẹ́wàá lọ, ni ó di okùn abo ajá yẹn mú. Ó ṣubú, ó sì fi iwájú orí gbá òkúta. Ẹ̀jẹ̀ jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá rẹ̀ wá sí ilé mi. Kò pariwo rárá, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní, “Ọ̀gá olùkọ́, ó tó gẹ́ẹ́. Bí oṣù yìí bá parí tí ajá yẹn ṣì wà níbí, ẹ má bi mí léèrè bí ẹ bá bá òkú rẹ̀ lẹ́nu géètì.” Ìyàwó mi ní kí n tà á. Gbogbo wa la mọ ibi tí ajá tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ń lọ ní agbègbè wa: bí kò bá lọ sí ojúbọ Ògún, yóò lọ sínú ìkòkò ọbẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, mo gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ ní abúlé kan ní apá Ìrèlè. Ọdẹ ni wọ́n láti kékeré, wọ́n sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹ jẹ́ kí n tó sọ ohun tí wọ́n wí, kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ìtàn wí.

Ní 1704, ọmọ ilẹ̀ Họ́lándì kan, Willem Bosman, tẹ ìwé kan jáde lórí etíkun Gíní. Ó ti bá ilé-iṣẹ́ ìṣòwò àwọn ará Họ́lándì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Ìwé rẹ̀ ṣe pàtàkì fún àwa ará ìhín, nítorí inú rẹ̀ ni lẹ́tà David van Nyendael lórí ìlú Bìní wà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìlú Ìkálẹ̀ ń ka Bìní mọ́ orírun àwọn ọba wọn. Bosman kọ̀wé nípa ajá pẹ̀lú. Ó ní bí wọ́n bá kó àwọn ajá Yúróòpù wá sí etíkun yìí, wọn a bàjẹ́: etí wọn a gùn, a le bíi ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, wọn a di òbùrẹ́wà láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, tí wọ́n bá sì ti bímọ ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, gbígbó wọn a di igbe gígùn lásán. Charles Darwin tún ọ̀rọ̀ yìí mẹ́nu bà nínú ìwé rẹ̀ ti 1868 lórí ohun ọ̀sìn àti ohun ọ̀gbìn.

Ẹ wo ìyẹn ná. Ohun tí Bosman pè ní ìbàjẹ́, mo rò pé ọmọ ajá ìbílẹ̀ ni ó ń rí. Àwọn ajá òyìnbó ti gun ajá ilẹ̀ wa, ọmọ wọn sì gbé ìrísí àti ohùn ilẹ̀ wa wọ̀. Etí tó dúró ṣánṣán tí Bosman ń kẹ́gàn, òun gan-an ló wà lórí ajá mi. Ní Kóńgò, irú ajá kan wà tí ayé ń pè ní basenji. Kì í gbó bí àwọn ajá tó kù. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń dárin. Àwọn ọdẹ ibẹ̀ a máa so agogo mọ́ ọn lọ́rùn nínú igbó kí wọ́n lè mọ ibi tó wà. Ní 1937 ni wọ́n ṣàfihàn rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù níbi àfihàn ajá tí wọ́n ń pè ní Crufts, àwọn èrò sì rọ́ wá wò ó.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì òde òní ti fi hàn pé ajá ìbílẹ̀ wa kì í ṣe àlòkù ajá òyìnbó. Ní 2009, àwọn onímọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ ajá abúlé wò láti Íjíbítì, Ùgáńdà àti Nàmíbíà, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ onílẹ̀ tòótọ́. Ní 2018, àwọn mìíràn yẹ ajá abúlé láti Nàìjíríà wò, wọ́n sì rí àmì pé ara wọn ti bá kòkòrò àrùn ilẹ̀ olóoru jà pẹ́ títí kó tó mọ́ ọn lára. Ajá yìí ti bá wa gbé pẹ́. Bí ó bá wá di oníjà lónìí, a kò gbọdọ̀ sọ pé bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Ó yẹ kí a béèrè pé kí ló yí padà.

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ bá Bàbá Ọdẹ. Wọ́n gbọ́ ọ títí, wọ́n fi taba sẹ́nu, wọ́n sì dá mi lóhùn ní èdè Ìkálẹ̀ tó jinlẹ̀, èyí tí ìró “gh” tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti sọnù ṣì ń dún nínú rẹ̀ kedere. Òwe mẹ́rin ni wọ́n pa. Òwe tí gbogbo Yorùbá mọ̀ ni. Mo ti fi àwọn òwe yìí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní gírámà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé ìwé ìtọ́jú ajá ni wọ́n.

Èkíní: Ajá tó bá máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Àwa a máa fi òwe yìí kìlọ̀ fún ọmọ alágídí. Bàbá ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Ọdẹ kì í kọ́ ajá rẹ̀ ní ohùn fèrè lọ́jọ́ tí ẹran bá dìde. Ilé ló ti ń kọ́ ọ, nígbà tí gbogbo nǹkan parọ́rọ́. Yóò fọn ọ́n, ajá á wá, yóò sì fún un ní egungun. Wọ́n bi mí pé, “Ìgbà wo ni ìwọ ń pe ajá tìrẹ?” Mo ní ìgbà tó bá ń gbó. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nígbà náà, orúkọ rẹ̀ ti di ìlù ogun. Òtítọ́ ni. Lójú ajá mi, “Ọ̀rọ̀pọ̀níkùn” túmọ̀ sí pé ọ̀tá ti dé.

Ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni ayé sáyẹ́ǹsì kọ́ lára Ivan Pavlov, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara. Ajá ni ó fi ṣe ìwádìí, ó sì rí i pé ohùn kóhùn tó bá ń ṣáájú oúnjẹ yóò mú kí itọ́ dà lẹ́nu ajá kí oúnjẹ tó dé. Ohùn kì í ní ìtumọ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó ń tẹ̀ lé e ló ń fún un ní ìtumọ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ẹ kò ha ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí?

Èkejì: Ajá tó rí ẹni tì í lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Bàbá ní, “Ta ni ó wà ní ìdí ṣéènì?” Èmi ni. Bí ajá mìíràn bá yọ, mo máa ń fa ṣéènì le, mo sì máa ń pariwo. Lójú ajá, mo wà lẹ́yìn rẹ̀ digbí, àwa méjèèjì la jọ ń gbó. Ajá tó wà lórí okùn kò lè sá fún ohun tó ń bà á lẹ́rù, kò sì lè lọ gbóòórùn rẹ̀. Kí ló kù fún un ju kó pariwo lọ? Bí a bá wá nà án ní àkókò yẹn, yóò gbà pé ajá tó ń bọ̀ ló fa ẹgba wá, yóò sì tún kórìíra rẹ̀ sí i.

Ní 1910, ará Jámánì kan, Konrad Most, kọ ìwé kan lórí bí a ṣe ń kọ́ ajá. Inú iṣẹ́ ọlọ́pàá àti ti ológun ni ọgbọ́n rẹ̀ ti jáde, ìfìyàjẹni sì wà nínú rẹ̀ gan-an. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ tàn káàkiri ayé, àwọn kan sì ṣì ń lò ó. Lónìí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìwà ẹranko ti gbà pé ìyà a máa pa ariwo mọ́ ajá lẹ́nu ṣùgbọ́n kì í mú ẹ̀rù kúrò nínú rẹ̀. Ajá tí kò kùn mọ́ kó tó gé ni jẹ léwu ju ajá tó ń gbó lọ.

Ẹ̀kẹta: Ajá kì í roro kó ṣọ́ ojúlé méjì. Níbí ni ìtàn ilẹ̀ wa ti wọlé. Ní ayé àtijọ́, igbó kìjikìji ló yí Ìkálẹ̀ ká, láti ààlà Ìlàjẹ àti Àpọ́ì ní apá omi títí dé ilẹ̀ Ẹ̀dó. Iṣẹ́ ajá ni láti bá ọdẹ wọgbó. Ajá méjì tàbí mẹ́ta a sì máa jọ lọ. Èyí tó bá ń gbó mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò lé ẹran sá, ebi yóò sì pa agbo ilé. Irú rẹ̀ kì í pẹ́ lọ́wọ́ ọdẹ. Lẹ́yìn náà ni oko ọ̀pẹ àti oko ẹ̀gẹ́ gba ipò igbó, iṣẹ́ ọdẹ sì relẹ̀. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ti 1967 sí 1970, ìdigunjalè gbilẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn onílé mọ ọgbà, wọ́n ṣe géètì, wọ́n sì so ajá mọ́ ọn. Báyìí ni ajá tó ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ṣe di ẹ̀ṣọ́ tó dá wà. A mú un kúrò láàárín ajá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, a yìn ín nígbà tó gbó, a sì wá ń bínú pé kò mọ ẹni tí à ń gbó mọ́.

Bàbá béèrè pé ojúlé mélòó ni mo fún ajá mi ṣọ́. Géètì mi jẹ́ onírin tó ní àlàfo. Láti ibẹ̀ ó ń rí gbogbo títì láti òpin dé òpin. Àṣé mo ti fi gbogbo àdúgbò lé e lọ́wọ́! Wọ́n ní kí n dín in kù fún un.

Ẹ̀kẹrin: Àgbà ajá kì í ba awọ jẹ́. Ajá tó ti gbó nínú iṣẹ́ mọ bí a ṣe ń mú ẹran láì fa awọ rẹ̀ ya. Ta ló kọ́ ọ? Àgbà ajá tó ṣáájú rẹ̀ ni. Ọmọ ajá tó dàgbà láàárín àwọn àgbà ti kọ́ ìgbà tí à ń ṣeré àti ìgbà tí à ń yẹra kí eyín rẹ̀ tó le. Ní 1965, àwọn onímọ̀ méjì, Scott àti Fuller, tẹ ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ìwádìí ọlọ́dún gbọọrọ, basenji sì wà lára irú ajá márùn-ún tí wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n fi hàn pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá ni ọkàn ọmọ ajá ṣí sílẹ̀ jù láti mọ ẹni tí í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ajá mi ti kọjá ìgbà náà kó tó dé ọwọ́ mi, mo sì so ó mọ́lẹ̀ ní òun nìkan. N kò lè dá ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn padà. Bàbá kò sì tàn mí jẹ. Wọ́n ní, “Kò ní dà bí ajá ọdẹ mọ́, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kí àdúgbò sùn.”

Mo padà sílé, mo sì bẹ̀rẹ̀. Kí n tó ṣe ohunkóhun, mo mú ajá lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko fún abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà àrùn dìgbòlugi. Ẹ̀yin èèyàn mi, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Láti ìgbà tí Louis Pasteur ti lo abẹ́rẹ́ yìí fún ọmọkùnrin kan ní ilẹ̀ Faransé ní 1885 ni ọ̀nà àbáyọ ti wà, síbẹ̀ àrùn náà ṣì ń pa ènìyàn ní Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ ajá ló ń kó o ran èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ẹni tí ajá bá gé jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ìwà ajá bá sì ṣàdédé yí padà, ẹ má ṣe rò pé ìwàkiwà ni. Ó lè jẹ́ àìsàn.

Lẹ́yìn náà, mo fi páànù dí àlàfo géètì, mo sì gbé ilé ajá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Fún ọ̀sẹ̀ kan, mo ń pe orúkọ rẹ̀ nígbà tí gbogbo nǹkan dákẹ́, mo sì ń fún un ní ẹja gbígbẹ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, mo mú un lọ sí pápá kan níbi tó ti lè rí ajá mìíràn ní ọ̀kánkán, ní nǹkan bí ọgọ́ta ìṣísẹ̀. Níbẹ̀, ó ń wò, kò gbó. Bó bá ti wò ó, n ó fún un ní ẹja. Bí ajá yẹn bá lọ, ẹja tán. Bó bá gbó, kò sí ẹgba, kò sí ariwo. A kàn ń yí padà lọ sí ibi tó jìnnà sí i ni. Ìṣísẹ̀ mélòó kan ni à ń jèrè lọ́sẹ̀, a sì máa ń pàdánù wọn nígbà mìíràn.

Ṣùgbọ́n ajá nìkan kọ́ ló nílò àtúnṣe. Mo lọ bá aládùúgbò mi, mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì lórí ọgbẹ́ ọmọ rẹ̀, mo sì san owó ilé ìwòsàn. Ìgbà náà ló bi mí pé, “Kí ni mo ṣe yín tí ẹ fi sọ ajá yín ní orúkọ yẹn?” Ojú tì mí. Mo jẹ́wọ́ fún un pé lóòótọ́, òkò ọ̀rọ̀ ni orúkọ náà, ṣùgbọ́n ẹnìkan níbi iṣẹ́ mi ni mo sọ ọ́ sí, ẹni tí kò tilẹ̀ mọ ilé mi. Àwọn àgbà ti wí i: ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni í bà. Bàbá náà wò mí títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó gbà pé kí a jọ máa rìn ní ìrọ̀lẹ́: òun àti ajá rẹ̀ níwájú, èmi àti tèmi lẹ́yìn, ojú sí ọ̀nà kan náà. Ajá tó ń rìn tẹ̀ lé ara wọn kò ní ìdí láti kojú ara wọn.

Oṣù tó dá fún mi parí, ajá mi wà láàyè. Ó gba bí oṣù mẹ́rin kí a tó lè rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wa. Títí di òní, bí ajá àjèjì bá ṣàdédé yọ, yóò gbó lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà yóò yíjú sí mi, bí ẹni ń béèrè pé, “Ẹ ti rí i àbí?” N ó dá a lóhùn, n ó fún un ní ẹja rẹ̀, a ó sì máa lọ. Mo yí orúkọ rẹ̀ padà pẹ̀lú. Ọmọbìnrin tó ṣubú yẹn ló sọ ọ́ ní Ọ̀rẹ́dòní.

Ajá ìwòyí ló mọ ehoro ìwòyí í lé. Ìgbẹ́ ti dínkù, ehoro ti lọ, iṣẹ́ ajá wa kò sì rí bíi ti àtijọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ àwọn ọdẹ kò kú. Inú òwe ló sá pamọ́ sí. Bí ẹ bá ní àgbà ọdẹ kan nílé yín, ẹ tètè lọ jókòó tì wọ́n. Ẹ má ṣe béèrè ìtumọ̀ òwe nìkan lọ́wọ́ wọn. Ẹ béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí òwe náà kọ́kọ́ dé ẹnu.